Ṣé kí n gba ìwé Aya lọ́wọ́ ọmọ mi?

Ìbéèrè látọ̀dọ̀ ìyá kan:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 gbé ìwé kan wálé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní fásitì. Àwòrán ló kún inú rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí, ọ̀rọ̀ kéékèèké ni wọ́n kọ sí ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀. Aya ni orúkọ ìwé náà, ìtàn àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan ní Abidjan, ìlú ńlá ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Ibi tí mo kọ́kọ́ ṣí báyìí, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ló ń ṣeré ìfẹ́ nínú ọjà lóru. Mo tún ṣí iwájú díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti lóyún. Bàbá rẹ̀ ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá, pé ìwé ìṣekúṣe ni, pé ìwé alàwòrán kì í tiẹ̀ ṣe ìwé fún ọmọ tó ń múra WAEC. Ọmọ náà ti ń sunkún láti àná. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, kí ni kí n ṣe?

* * *

Ẹ má gbà á, ìyá wa. Ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ kà á tán, kí ẹ gbé e fún bàbá rẹ̀ náà kó kà á, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà fún un. Bí a bá ní ká ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo èèyàn inú ìwé yẹn, tàwọn àgbà ibẹ̀ ló pọ̀ jù, kì í ṣe tàwọn ọmọ.

Ọmọ Èjìgbò ni mí, Abidjan ni mo sì dàgbà sí kí wọ́n tó rán mi wá sílé wá kàwé. Èdè Faransé ni mo kọ́kọ́ fi ka ìwé yìí, kí n tó rí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní báyìí, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa máa ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé, a jọ ń kàwé, ìwé yìí sì ni wọ́n máa ń jà dù jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á, ká tó máa bára wa jiyàn.

Marguerite Abouet ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Abidjan ni wọ́n bí i sí ní 1971, àdúgbò Yopougon ló gbé, ó sì ti di ọmọ ọdún 12 kó tó lọ sí Paris. Clément Oubrerie, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ya àwòrán rẹ̀. Apá kìíní jáde ní 2005, nígbà tó sì di 2006, ó gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ tó dára jù níbi àjọ̀dún ìwé alàwòrán tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Angoulême.

Ọdún 1978 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Tẹbí tọ̀rẹ́ pé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé Aya láti wo ìpolówó bíà Solibra, torí ilé iṣẹ́ Solibra ni Ignace, bàbá Aya, ti ń jẹun. Ọmọ ọdún 19 ni Aya. Dókítà ló fẹ́ dà. Kò fẹ́ kí ayé òun parí sórí irun ṣíṣe, aṣọ rírán àti ọkọ wíwá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Adjoua àti Bintou, fàájì ni tiwọn: ijó, ọkùnrin tó ní mọ́tò, àti ìjókòó alẹ́ ní maquis, àwọn ibi ìjẹun gbangba tí kò sí òpópónà kan tí kò sí ní Abidjan. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọjà tú, tábìlì àwọn ìyá ọlọ́jà á di ibi ìpàdé olólùfẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì Ẹgbẹ̀rún Ìràwọ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ṣí, ìyá wa.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ èsì mi. Èrò tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ọmọ tó bá rí ìwàkiwà nínú ìwé á fẹ́ dán an wò. Mi ò fara mọ́ ọn, ìtàn Adjoua fúnra rẹ̀ sì ni ẹ̀rí mi.

Moussa jẹ́ ọmọ Bonaventure Sissoko, ọ̀gá àgbà Solibra, ẹni tí bàbá Aya ń sìn níbi iṣẹ́. Ignace ti ń fojú sí i pé kí Moussa fẹ́ Aya, kí òun lè tipa bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n Bintou ni Moussa ń gbé jáde, Adjoua náà sì ń bá a pàdé ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí oyún dé, Adjoua ní Moussa ló ni ín. Àwọn òbí rẹ̀ gbéra, ó di ilé Sissoko, wọ́n ṣe ìgbéyàwó wàrà-wàrà kí ikùn tó yọ jù. Ọmọ dé, kò jọ Moussa rárá. Mamadou ló jọ, Mamadou arẹwà tí kò níṣẹ́ kan tó ṣe gúnmọ́. Ìgbéyàwó dàrú. Bobby ni wọ́n sọ ọmọ náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbéra lọ sọ́jà lọ din claclo tà, ìyẹn àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà, Aya ni wọ́n ń já a sí lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tó ń jí lọ dáná epo nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ wo ẹni tó ń rìn kiri àdúgbò. Ìwé náà kò bá ọmọ wí, kò wàásù fún un. Ó kàn mú un dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò epo gbígbóná.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a jọ ń kàwé, ọmọ tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ka ibẹ̀ tán, ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún Adjoua lówó epo àkọ́kọ́?” Ẹnu wa kò kúrò níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. A ṣírò iye tí gálọ́ọ̀nù epo ń jẹ lọ́jà wa, iye tí odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ń jẹ, owó àyè, owó èédú, iye tó kù tí èèyàn á fi ra mílíìkì ọmọ jòjòló. Mi ò tíì rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti iléèwé kan tó mú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jókòó jẹ́ẹ́ ṣírò oyún bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwòrán tó ń ba bàbá rẹ̀ lẹ́rù, inú apá kìíní yẹn kò sí ibi tí wọ́n ti tú ara obìnrin síta láti fi dá ọkàn èèyàn rú. Ẹ ó rí ìfẹnukonu, ẹ ó rí ọmọkùnrin tó ń fa ọwọ́ ọmọbìnrin. Ohun tí ọmọ ọdún 15 ń bá pàdé lórí fóònù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

* * *

Sí ẹni tó béèrè ọjọ́ orí: láti ọmọ ọdún 14 sókè ni mo máa ń fún. Bí ọmọ kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá Akissi fún un, òǹkọ̀wé kan náà ló kọ ọ́, Mathieu Sapin ló yà á. Ìtàn ọmọ kékeré aláìgbọràn kan ní Abidjan ni, ẹ̀rín ló sì máa ń pa wọ́n.

* * *

Ẹnìkan ní òun kò rí ìtàn ìfẹ́ nínú ìwé náà, pé Aya tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé kò ní ọ̀rẹ́kùnrin, pé ṣe ló kàn ń yanjú ìṣòro àwọn ẹlòmíràn kiri. Àwọn míì gbè é lẹ́sẹ̀, pé Aya gbọ́n jù, pé kò sí ọmọ ọdún 19 tó rí bẹ́ẹ̀.

Èmi rí ìfẹ́ níbẹ̀ púpọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti jẹ́ kí fíìmù kọ́ wa pé ìfẹ́ ò sí bí ẹnikẹ́ni ò bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́. Ẹ wo Hervé, ọmọ ìbátan Bintou. Mẹkáníìkì ni, kò mọ̀wé kà, àwọn ọmọbìnrin kì í kà á sí èèyàn. Aya ló jókòó tì í tó ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Kò sí ìfẹnukonu níbẹ̀, kò sí ìlérí. Síbẹ̀, bí mo bá ń ka ibẹ̀, ọkàn mi máa ń rọ̀ ju ìgbà tí mo bá ń ka ibi tí Moussa ti ń fi mọ́tò bàbá rẹ̀ yangàn lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ẹni tó bá fara balẹ̀ tì ẹ́ kí o lè di èèyàn ti fẹ́ràn rẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Grégoire sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Grégoire ti Paris dé. Ó ń gbé Bintou lọ sí Hôtel Ivoire, ilé ìtura ńlá tó wà ní Cocody, níbi tí àwọn olówó ti ń gbádùn. Bintou ti ń dágbére fún gbogbo àdúgbò lọ́kàn rẹ̀, Paris ti ń kọjá lójú rẹ̀. Àṣé owó tí Grégoire kó jọ ló ń ná dànù, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àṣírí tú, Bintou kò kú, kò sá kúrò nílùú. Ojú tì í, ó sunkún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á mọ́ra. Èyí ni ìdàgbà tí mo rí níbẹ̀: ọmọbìnrin lè ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin kí ó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ èèyàn, kó ṣì máa jẹun, kó ṣì máa rẹ́rìn-ín. A ti rí i láàárín tiwa, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ bá sọ̀rọ̀ mọ́ torí pé ọkùnrin kan tàn án jẹ.

Ní ti pé Aya gbọ́n jù, mo gbà díẹ̀. Àwọn ibi kan wà tó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ máa kàwé lọ sí apá kẹrin, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n yẹn kò gbà á lọ́wọ́ ohun gbogbo. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá. Bàbá kan kọ ọ́ lókè pé ìwé náà “ń tàbùkù àwọn òbí lójú ọmọ.” Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ignace kò fẹ́ kí ọmọ òun fi ìwé kíkà pẹ́. Lójú tirẹ̀, fásitì kì í ṣe ọ̀nà obìnrin, ilé ọkọ ni. Ọkùnrin yìí kan náà tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti ń yan àlè. Jeanne, akọ̀wé rẹ̀, ti bímọ fún un. Ọjọ́ kan ni Jeanne ṣàdédé kó àwọn ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà Fanta, ìyá Aya, ìyàwó ilé.

Nígbà tí a ka ibẹ̀, ọ̀rọ̀ Adjoua àti oyún rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ Fanta ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sán jà. Àwọn kan ní kí ó gba àwọn ọmọ sílé, pé ọmọ kò mọwọ́ kò mọsẹ̀. Àwọn kan ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ kan wà tí kò sọ nǹkankan. Ó fi ìka lé orí àwòrán àwọn ọmọ Jeanne tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé wọ́n ti jẹun kí wọ́n tó wá?” Mo mọ ilé tí ọmọ yẹn ti wá, mi ò sì bi í ní ìbéèrè kankan níṣojú àwọn yòókù.

Ẹ̀yin bàbá, àwọn ọmọ yín ti mọ nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí ìwé yìí ṣe fún wọn ni pé ó fún wọn ní ẹnu tí wọ́n lè fi sọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni nílé tiwọn. Bí ọ̀rọ̀ bá dórí Ignace, ọmọ lè bínú, ó lè sunkún, kò sì sí bàbá tó máa gbá a létí torí pé ó bínú sí Ignace. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ọkọ ìyá tó béèrè kà á. Kì í ṣe láti fi bú u. Mo fẹ́ kó wo Ignace dáadáa, bóyá ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa ọmọ rẹ̀ á yí padà.

* * *

Ọ̀rọ̀ pé ìwé alàwòrán kì í ṣe ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí pé àwọn tó ń sọ ọ́ ti gbàgbé Atọ́ka. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ ẹ ó rántí. Láyé àwọn ọdún 1970, ìwé ìròyìn Atọ́ka ni gbogbo ilé ń dù. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà ni wọ́n fi ń sọ ìtàn níbẹ̀, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹnu wọn lórí fọ́tò: ìtàn orogún, ìtàn ọmọ tí kò gbọ́ràn, ìtàn ìfẹ́ tó di ìjà. Àwọn ìyá wa kọ́ Yorùbá kíkà níbẹ̀. Àwọn tí kò wọ iléèwé rí ń gbé e fún ọmọ pé kó kà á sí òun létí, wọ́n á sì máa wo fọ́tò náà bí ọmọ ṣe ń kà á. Ta ló sọ fún wọn nígbà náà pé kì í ṣe ìwé?

Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwòrán ní iṣẹ́ tó ń ṣe tí ọ̀rọ̀ kò lè ṣe. Ẹ mú ojú Bobby. Ẹ wo ojú ọmọ náà, kí ẹ ṣí ẹ̀yìn wo ojú Mamadou. Ọmọ tó ń kàwé ló máa fi ojú ara rẹ̀ rí i, òun ló máa pariwo “Hà!” kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ọmọ tó bá ti lè fa irú òye bẹ́ẹ̀ yọ láti inú ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti dáhùn ìbéèrè àyọkà nínú ìdánwò. Àyọkà WAEC, ohun tí wọn kò sọ gbangba ni wọ́n máa ń béèrè níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan rèé fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́: ẹ má sáré. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu èèyàn nìkan, wọ́n á fo àwòrán, wọ́n á wá ní ìtàn náà fúyẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tí Fanta ń fi ọwọ́ ṣe nígbà tí Ignace bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ wo aṣọ. Àwọ̀ àǹkárá àti bí wọ́n ṣe wé gèlè, ẹni tó bá mọ aṣọ á mọ ẹni tó lówó lọ́wọ́ àti ẹni tó ń díbọ́n.

Ẹ̀yìn ìwé apá kìíní tún ní ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn: bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà, bí wọ́n ṣe ń ṣe omi atalẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ró aṣọ. A se ọbẹ̀ ẹ̀pà náà. Ó dùn, àmọ́ àwọn tèmi ní ata rẹ̀ kò tó.

* * *

Èsì fún ẹ̀gbọ́n tó ní “ìtàn àwọn ará Faransé ni, kò kàn wá.”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì Abidjan. Ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ wa bí ẹni gbọ́ Yorùbá. Láti ayé àwọn amúnisìn ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣòwò lọ síbẹ̀. Ẹbí wo ni kò ní ẹnì kan ní Abidjan nínú ìlú wa? Àǹtí mi ta aṣọ ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, títí ó fi darúgbó. Nígbà tí mo ṣí ìwé yìí tí mo rí àgbàlá tí gbogbo ayálégbé ti ń fọṣọ, tí ọ̀rọ̀ ilé ẹnì kan ń di ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú mi kún fún omi.

Ẹlòmíràn wá sọ pé ìwé náà dùn jù, pé kò sọ ogun, kò sọ ìyà. Ọ̀rọ̀ ọdún 1978 ni wọ́n ń sọ o. Houphouët-Boigny ni ààrẹ ibẹ̀ nígbà náà, kòkó àti kọfí ń mówó wọlé, Abidjan ń kọ́ ilé gogoro, iṣẹ́ sì wà. Ogun abẹ́lé ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2002. Abouet fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ó ń bí òun nínú bí wọ́n ṣe máa ń fi ogun àti ebi nìkan ṣàfihàn Áfíríkà, ó fẹ́ kí ayé rí ọjọ́ lásán nílé èèyàn lásán. Bí ẹ bá sì wojú rẹ̀ dáadáa, ìyà wà níbẹ̀. Félicité, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé Aya, wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra òde ijó, kó má sọ pé ìwé náà ò mọ ìyà.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nípa obìnrin yìí ni pé kò kàn kọ̀wé kó sì gbàgbé ilé. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣí ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ ní àwọn àdúgbò Abidjan tí kò rí já jẹ.

* * *

Ẹni tó bínú nípa Innocent àti Albert: òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ìyá tó béèrè. Innocent ń ṣe irun fún àwọn obìnrin, Albert jẹ́ arákùnrin Adjoua, àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rù ba Albert débi pé ó yan ohun tí ilé fẹ́, Innocent sì di èrò Paris. Orílẹ̀-èdè wa ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2014, ìjọ àti mọ́sálásí sì ní ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ẹ̀yin náà bá ní ohun tí ẹ gbàgbọ́, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín. Èmi kì í fo ojú ewé wọ̀nyẹn. Bí mo bá fò ó, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ padà sí bí mo bá kúrò. Mo máa ń kà á bí mo ṣe ń ka ibi tó kù, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ohun tí wọ́n sì máa ń béèrè jù ni ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba Albert tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Mo ṣèlérí pé mo ń bọ̀ wá sórí apá kẹrin. Bó bá jẹ́ torí apá yìí nìkan, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 15.

Aya ti dé fásitì. Ó ti ṣe ohun gbogbo tí àwa òbí ń fẹ́: kò sá tẹ̀lé ọkùnrin, ó kàwé, ó yege. Ẹni tó wá ń dà á láàmú ni olùkọ́ rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ bàọ́lọ́jì, tó ń fi máàkì dọdẹ àwọn ọmọbìnrin. Kì í ṣe Mamadou, kì í ṣe ọmọ ìta. Ọkùnrin tó wọ aṣọ ìyì, tí ìyá Aya ì bá kúnlẹ̀ kí bó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan nílé ẹ̀kọ́ tí a jọ lọ. A ò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi pè é nígbà náà. Ó rò pé òun ni òun ṣe ohun kan, bóyá aṣọ tí òun wọ̀ ni, bóyá ẹ̀rín tí òun rín. Ó tún ìdánwò náà ṣe títí tó fi sú u, ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ títí dòní. Ní 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà wa fọwọ́ sí àbá òfin kan lórí irú ìwà yìí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dá wà nínú ọ́fíìsì olùkọ́ kò ní rántí àbá òfin. Ó lè rántí Aya. Ó lè rántí bí ara Aya ṣe bù máṣọ nígbà tí ilẹ̀kùn tì, kó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí, kó sì sá jáde, kó sì sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n dúró títí ọmọ á fi dàgbà kó tó kà á, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni? Ọmọ ọdún 16, 17 ni à ń kó lọ sí fásitì.

* * *

Àwọn tó ń béèrè bí wọ́n ṣe máa rà á: ti Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní ìdìpọ̀ ńlá méjì. Aya: Life in Yop City, tó jáde ní 2012, ló kó apá kìíní sí ìkẹta pọ̀. Aya: Love in Yop City, ti 2013, ló kó apá kẹrin sí ìkẹfà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdìpọ̀ kejì, ẹ ò ní mọ ẹni tó bí ta. Lẹ́yìn apá kẹfà, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí apá keje tó jáde ní Faransé ní 2022, ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dé ní 2024. Fíìmù rẹ̀ tí wọ́n fi àwòrán ṣe wà láti 2013, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni. Ẹ ka ìwé ná. Fíìmù máa ń sáré kọjá ibi tó yẹ kí èèyàn dúró sí. Bó bá wọ́n jù, ẹ dá owó jọ láàárín òbí bíi mélòó kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ̀yìn tiwa ti gba sẹ́lótéèpù ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

* * *

Mo rí i pé ìyá wa ti padà wá, ẹ ṣé, mà. Ẹ ní ẹ ti ka apá kìíní tán, pé ọmọ náà ti nu ojú, ó wá ní òun fẹ́ ya tòun ní Yorùbá, ìtàn òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé kó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ kó tó ya ohunkóhun. Kó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, kó má fi Yorùbá ìwé sí wọn lẹ́nu. Bí kò bá mọ àwòrán yà dáadáa, kó wá ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó mọ̀ ọ́n yà. Abouet kò ya tirẹ̀, òun kọ, Oubrerie yà. Kí ó fi pẹ́ńsù pín ojú ewé sí àpótí mẹ́fà ná, bí a ti í rí i lójú ewé Aya, kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan nínú àpótí kan má sì ju gbólóhùn méjì-mẹ́ta lọ. Kí ó kọ lẹ́tà náà ní ńlá, kó fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ máa ń sọnù bí a bá ṣe fọ́tókọ́pì, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ àwọn tó ń kà á lọ́wọ́. Bíírò dúdú ni kó fi tẹ̀ ẹ́, kó má lo búlúù. Bó bá ti parí ojú ewé mẹ́rin, kó fi ránṣẹ́ sí mi, àwọn ọmọ tí a jọ ń kàwé á kà á lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sì sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un.